Nọ́ńbà wáànì fún iṣẹ́ wo? Ìdáhùn fún ẹni tó ń ra pákó òrùlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ilé tí mò ń kọ́ ti dé orí òrùlé. Káfíńtà kọ ọ́ fún mi pé kí n ra 2×4 àti 2×6, “igi líle, nọ́ńbà wáànì”. Mo débi tí wọ́n ti ń ta pákó, gbogbo wọn ló ń pe tiwọn ní nọ́ńbà wáànì: òmíràn pupa, òmíràn funfun, òmíràn ṣì tutù rinrin. Mo fi téèpù wọn 2×4, kò pé 2, kò pé 4. Ṣé wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni? Báwo ni èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa igi ṣe máa mọ èyí tó dáa?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú làálàá ilé kíkọ́. Inú mi dùn pé ẹ bèèrè nísinsìnyí tí pákó ò tíì gorí ilé. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pè mí, ìgbà tí òrùlé bá ti tẹ̀ ni wọ́n máa ń wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ téèpù kúrò nílẹ̀ ná. Orúkọ ni 2×4, kì í ṣe ìwọ̀n gan-an. Bí pákó ṣe tóbi tó nígbà tó kúrò lẹ́nu ayùn, tí omi ṣì wà lára rẹ̀, ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Tó bá gbẹ, á sún kì. Tí wọ́n bá tún fá a kó lè dán, á tún dín sí i. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà tí wọ́n ń pè ní PS 20 là á kalẹ̀ pé 2×4 tó ti gbẹ tí wọ́n sì ti fá jẹ́ ínǹṣì 1½ sí 3½, ìyẹn mílímítà 38 sí 89. Nítorí náà, tí èyí tẹ́ ẹ rí bá gbẹ, tó dán, tó sì wà nítòsí ìwọ̀n yẹn, kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pákó tútù tí ojú rẹ̀ ṣì rí gbágungbàgun bí ayùn ṣe fi í sílẹ̀, tó tún wá kéré, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó lé lórí kò pé. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta, ní orí, ní àárín àti ní ìdí, torí ayùn tí kò dúró dáadáa lè jẹ́ kí orí kan nípọn kí ìkejì sì tín-ín-rín.

Ẹ má sì wò ó pé ìdajì ínǹṣì ni. Gíga pákó ló ń gbé ẹrù ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ. Tí gíga bá dín láti 4 sí 3½, agbára tó fi ń gbé ẹrù láìṣẹ́ á dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, agbára tó fi ń kọ̀ láti tẹ̀ á sì dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ bi káfíńtà tàbí ẹnjiníà yín léèrè ọ̀rọ̀ kan yìí: ṣé orúkọ ló fi ṣe ìṣirò ni àbí ìwọ̀n gidi?

Ó kan “igi líle”. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Àwọn oníṣòwò igi lágbàáyé pín igi sí méjì, líle àti rírọ̀, ṣùgbọ́n irú ewé àti èso igi ni wọ́n fi pín in, wọn ò gbé e lé agbára. Igi tí ewé rẹ̀ fẹ̀, bí ìrókò, tíìkì, ọ̀gànwó àti òákù, líle ni wọ́n ń pè é. Igi tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, bí páìnì, sípúrúùsì àti sídà, rírọ̀ ni. Bálísà tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe ọkọ̀ òfúrufú ìṣeré, tí èyí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga nínú rẹ̀ sábà máa ń wúwo tó nǹkan bí kílógíráàmù 160, inú ìwé “igi líle” ló wà. Arère náà wà níbẹ̀, ó sì fúyẹ́, bíi 380. Ìrókò tó nǹkan bí 650, òpèpè sì lè kọjá 740. Gbogbo wọn ni “igi líle”! Nítorí náà, kí káfíńtà yín dárúkọ igi tó ń fẹ́ ní pàtó. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí bí mo ṣe ń kọjá lọ: ìrókò, òpèpè àti ìdígbò tí àwọn ará Yúróòpù kọ sínú ìwé òwò igi wọn, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni. Èdè wa ló fún ayé lórúkọ igi wọ̀nyẹn, ó sì yẹ ká lè fi èdè náà ṣàlàyé wọn.

Ibi tí igi ti wá náà ń sọ nǹkan. Páìnì àti sípúrúùsì tí wọ́n fi ń kọ́ ilé káàkiri ayé, inú igbó ilẹ̀ olótùútù ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, ní Kánádà, Sweden, Finland àti Rọ́ṣíà. New Zealand àti Chile ń gbin páìnì tiwọn bí ẹni gbin àgbàdo. Igi tí wọ́n gbìn tó yára dàgbà kò burú, ṣùgbọ́n ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ rẹ̀ máa ń mú igi tí kò lágbára jáde, tó sì máa ń lọ́ tó bá gbẹ. Tí wọ́n bá gé e ní kékeré, ìpín yẹn ló máa pọ̀ jù nínú pákó yín. Tíìkì tí wọ́n gé ní ọmọ ogún ọdún àti tíìkì tó ti gbó nínú igbó, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, iṣẹ́ wọn ò dọ́gba. Tó bá sì jẹ́ apá, ọ̀gànwó tàbí rosewood ilẹ̀ Áfíríkà tó ti ìlú òkèèrè wá ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ bèèrè ìwé rẹ̀. Àpérò CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó lè tán nílẹ̀, tó wáyé ní Panama lọ́dún 2022 fi wọ́n sábẹ́ ìṣọ́, wọn ò gbọdọ̀ sọdá ẹnubodè láìní ìwé àṣẹ.

Ní báyìí, ẹ bá mi dé ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí wọ́n pè mí sí òrùlé kan tó ti wọ́ láàárín. Pákó tí wọ́n lò pupa, ó wuyì, òkúta ló wúwo bí. Mo gun orí rẹ̀, mo rí ọ̀kan tó ti ṣẹ́. Ibi tó ti ṣẹ́, kókó kan wà níbẹ̀ tó tó ẹyin adìyẹ, ní etí ìsàlẹ̀ pákó gan-an, ní àárín méjì gígùn rẹ̀. Tí ẹrù bá wà lórí igi tó dábùú, etí òkè ń fún pọ̀, etí ìsàlẹ̀ ń fà ya. Kókó ò lè gba fífà yẹn mọ́ra: ibi tí ẹ̀ka ti jáde ni, iṣan igi, ìyẹn fọ́nrán tó gba gígùn igi lọ, sì ti yà kúrò lọ́nà kó lè yí i po. Ká ní káfíńtà yẹn yí pákó náà padà, kí kókó wà lókè, ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀ dòní. Àwọn pákó yòókù kò ṣẹ́, wọ́n kàn tẹ̀ ni, torí tútù ni wọ́n gbé wọn gòkè. Ibi tí ìṣó wọlé ti sún kì kúrò lára ìṣó. Mo fi ọwọ́ lásán fa méjì jáde. Kò sí ẹni tó ra igi burúkú níbẹ̀. Igi dáadáa ni wọ́n rà, wọn ò kàn kà á.

Kíka pákó ni mo fẹ́ kọ́ yín, kò sì le.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu pákó, níbi tí wọ́n ti gé e. Ẹ ó rí òrùka lára ọ̀pọ̀ igi. Ní ọ̀pọ̀ igi, ẹ ó tún rí ibi tó ṣú àti ibi tó funfun. Ibi tó ṣú ni àárín igi. Igi náà ti fi oje rẹ̀ kùn ún, òun ni kòkòrò kì í fẹ́. Ibi tó funfun, tó sún mọ́ èèpo, ni igi fi ń fa omi nígbà tó wà láàyè, oúnjẹ ikán àti olú sì wà nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kò sí igi kankan láyé tí ara funfun rẹ̀ lè pẹ́ nínú ọ̀rinrin láìlóògùn, ì báà ṣe ìrókò, ì báà ṣe tíìkì. Ní Yúróòpù, wọ́n máa ń fi nọ́ńbà 1 sí 5 ṣe ìwọ̀n bí igi ṣe ń pẹ́ tó, 1 ló ń pẹ́ jù; tíìkì wà ní 1, arère wà ní 5. Àárín igi nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Ẹni tó ta ìrókò tí ìdajì rẹ̀ funfun fún yín, ìdajì ìrókò ló tà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo igi funfun ni kò dáa: àárín arère àti ti sípúrúùsì kò ṣú. Ara funfun páìnì sì máa ń gba oògùn ju àárín rẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ti oògùn wọ̀ ọ́ dáadáa, ó lè pẹ́ gan-an. Ẹ tún wò ó bóyá mùdùnmúdùn igi, ojú kékeré tí òrùka ti bẹ̀rẹ̀, wà nínú pákó náà. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí òmíràn, torí ó máa lọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e sókè dé ojú, kí ẹ fi ojú kan wo etí rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì bí ẹni ń fi ìbọn wo ẹran. Bó bá tẹ̀, bó bá lọ́, bó bá ká sínú, ẹ ó rí i kíá. Títẹ̀ díẹ̀ sókè lórí etí kò burú. Ẹ kọjú ibi tó yọ sókè sí òkè, ẹrù òrùlé á tẹ̀ ẹ́ padà. Lílọ́ ni ẹ má gbà. Kò sí ìṣó tó ń ṣẹ́gun pákó tó bá lọ́.

Ẹ wá wo iṣan igi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo àwòrán tó wà lójú pákó, òun kọ́ ni mò ń sọ. Ibi tí iṣan dojú kọ ni mò ń sọ. Tí pákó bá ti sán díẹ̀ níbi kan, ojú sísán yẹn ń tẹ̀lé iṣan gan-an. Tí kò bá sán, ẹ kán yíǹkì bíńtín sí i. Yíǹkì á sáré gba ojú iṣan lọ. Bó bá sáré lọ ní gbọọrọ bíi ti etí pákó, ó dáa. Bó bá ń yà kúrò, ẹ wọn bó ṣe yà tó. Ilé ìwádìí igi ìjọba Amẹ́ríkà tó wà ní Madison láti ọdún 1910 ti ṣẹ́ igi tó pọ̀ láti mọ èyí: tí iṣan bá yà ní ínǹṣì kan láàárín ínǹṣì mẹ́wàá, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára igi ti lọ; tó bá yà ní ọ̀kan láàárín márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Pákó náà lè máa dán gbinrin, kó má ní kókó kankan, kó sì jẹ́ ìdajì pákó. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò nìyí, ṣáájú kókó gan-an.

Àwọ̀ aró tó máa ń wà lára páìnì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gba agbára igi, ó kàn bu ẹwà rẹ̀ kù ni. Ibi tó bá rọ̀ tí èékánná wọlé sí ni kẹ́ ẹ sá fún. Ìyẹn ti ń jẹrà.

Kí ni “nọ́ńbà wáànì” wá jẹ́? Ó sinmi lórí ẹni tó to igi náà. Ẹgbẹ́ oníṣòwò igi kan ní Amẹ́ríkà, NHLA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1898, ní ìlànà tó gba ilé ayé kan fún igi elewé fífẹ̀. Èyí tó ga jù nínú rẹ̀, FAS, gbọ́dọ̀ ní ojú tó mọ́, tí kò ní kókó, tó tó ìdá 83⅓ nínú 100. Èyí tí wọ́n pè ní No. 1 Common sì tó 66⅔. Ẹ rí i? Nínú ìlànà yìí, nọ́ńbà wáànì kọ́ ló ga jù. Àti pé àwọn tó ń ṣe àga àti kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n lè mọ bí pákó tó mọ́ ṣe pọ̀ tó lára rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹrù tó lè gbé.

Ti ẹrù yàtọ̀. Páìnì àti ẹbí rẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣe òrùlé ní Amẹ́ríkà ní Select Structural, No. 1, No. 2 àti No. 3. No. 2 ni wọ́n fi ń kọ́ ilé tó pọ̀ jù, ilé náà sì dúró. Ní Yúróòpù, ẹ ó rí C16, C24 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. D ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ti igi elewé fífẹ̀. Ìtúmọ̀ 24 ni pé, nínú pákó 100 tó ní àmì yẹn, ó kéré tán 95 ni kò ní ṣẹ́ títí agbára tó ń tẹ̀ wọ́n á fi tó newton 24 lórí mílímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Èmi fẹ́ràn irú ìlànà yìí, torí pé ó gbà pé igi ò dọ́gba, ó sì wọn ohun tó yẹ ká wọ̀n. Pákó tí wọ́n tò báyìí máa ń ní òǹtẹ̀ lára: irú igi, ipò rẹ̀, bó ṣe gbẹ tó, àti ilé iṣẹ́ tó là á. Níbi tí kò bá sí òǹtẹ̀, “nọ́ńbà wáànì” jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tajà. Ó lè máa sọ òótọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n, ìyẹn pé pákó yìí pupa, ó sì mọ́. Ẹ má bá a jà. Ẹ kàn bi í pé, “Kí lẹ fi tò ó?”, kí ẹ sì fi ojú ara yín tún un tò.

Omi ni mo fi sílẹ̀ dìgbà yìí, torí òun ló ń ba ilé jẹ́ jù. Igi tútù lè ní omi tó wúwo ju igi náà gan-an lọ. Ẹ lè wọ̀n ọ́n nílé. Ẹ gé ègé kékeré kan láti àárín pákó, ẹ má gé ìpẹ̀kun rẹ̀ torí ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbẹ. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n: ká ní gíráàmù 180. Ẹ fi í sínú ààrò tó gbóná dé ìwọ̀n 103 ti Celsius, ẹ máa yọ ọ́ wọ̀n títí kò ní fúyẹ́ mọ́: ká ní 120. Omi tó lọ jẹ́ 60; 60 jẹ́ ìdajì 120, nítorí náà omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 50 nínú 100. Ẹ̀rọ kékeré elẹ́nu méjì tí wọ́n ń gún mọ́ pákó náà máa ń sọ ọ́, bí omi kò bá ti pọ̀ jù. Títí omi á fi dín sí nǹkan bí 30, pákó kì í sún kì. Láti ibẹ̀ wálẹ̀ ló ń sún kì, tó sì ń lágbára sí i. Tó bá wà lábẹ́ 20, olú tó ń jẹ igi kì í lè gbé inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òǹtẹ̀ S-DRY ti Amẹ́ríkà fi túmọ̀ sí 19 tàbí kó dín. Fún òrùlé, ẹ má lọ ju ìyẹn lọ. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé gbọ́dọ̀ gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó sún mọ́ bí afẹ́fẹ́ inú ilé náà ṣe rí.

Sísún kì náà ò dọ́gba. Ní gígùn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Bí òrùka ṣe yí po ló ń sún kì jù, nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí tó ń ti àárín lọ sí èèpo. Ìyẹn ló fà á tí pákó fífẹ̀ fi ń ká sínú. Pákó tí wọ́n là tí òrùka fi dúró ṣánṣán ní ẹnu rẹ̀ máa ń dúró jẹ́ẹ́, òun ni kẹ́ ẹ bèèrè fún ilẹ̀kùn.

Tí pákó bá ti dára, ẹ má fi ìdúró bà á jẹ́. 2×6 gbọ́dọ̀ dúró lórí etí rẹ̀. Tí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá tiẹ̀ pé 2 sí 6 gan-an, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án agbára tó fi ń kọ̀ láti tẹ̀ ló kù. Pákó kan náà!

Igi wo ló wá yẹ ibo? Òrùlé kò nílò igi tó wúwo jù lọ. Igi tó wúwo ju bó ṣe yẹ ń fi ẹrù kún ògiri, ó ń la tí ẹ bá kàn án ní ìṣó láìkọ́kọ́ lu ihò. Igi tí ìwúwo rẹ̀ wà níwọ̀nba, tó gbẹ, tí iṣan rẹ̀ tọ́, ni mo máa ń yàn. Arère dára fún iṣẹ́ inú ilé tí kò gbé ẹrù; ẹ má gbé òrùlé lé e. Pákó tí ẹ fẹ́ fi da kọnkéré kò nílò ẹwà, ẹ má náwó lé e lórí. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ń fẹ́ igi tí kì í yí padà: tíìkì, ìrókò, ọ̀gànwó. Ohun tó bá máa wọ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àárín igi tó ń pẹ́ tàbí igi tí wọ́n fi ẹ̀rọ ti oògùn wọ̀. Ibi tí igi ti ń jẹrà jù ni ojú ilẹ̀ gan-an, níbi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti pàdé; òpó igi tó gbé ìlú Venice dúró ti wà lábẹ́ omi fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, torí afẹ́fẹ́ ò débẹ̀. Tẹ́ńpìlì Hōryū-ji ní Japan sì ti lé ní ọdún 1,300, igi ni, orí òkè ilẹ̀ ló wà. Òrùlé rẹ̀ yọ síta, òjò kì í na igi rẹ̀.

Ní ti oògùn, èyí tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn kì í wọnú jìnnà. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tì wọlé ló ń ṣiṣẹ́ gidi. CCA, oògùn igi kan tí Sonti Kamesan ṣe ní Íńdíà lọ́dún 1933, ní arsenic nínú, ìyẹn májèlé. Láti ìparí ọdún 2003 ni wọ́n ti dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ ilé gbígbé ní Amẹ́ríkà. Bórọ́ọ̀nù dára fún òrùlé tí òjò ò bà, ṣùgbọ́n òjò máa ń fọ̀ ọ́ kúrò. Àwọn oògùn oníbàbà tó rọ́pò CCA máa ń jẹ ìṣó lásán, nítorí náà ìṣó tí wọ́n ri sínú síńkì ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dáná pẹ̀lú àjẹkù pákó olóògùn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.

Tí pákó yín bá dé, ẹ má kó o sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí nípọn wọn dọ́gba, bíi ínǹṣì kan, sáàárín ìlà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà wà ní ọ̀gangan ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹ bo orí rẹ̀ nítorí òjò, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, ẹ sì fi ọ̀dà kun ẹnu rẹ̀ méjèèjì kó má baà sán. Ọjọ́ tí káfíńtà bá gé e, ibi tó gé kò ní oògùn mọ́. Ẹ dúró tì í, kí ó kun oògùn síbẹ̀ kó tó kàn án.